Ẹni Tó Bá Gbọ́ Rédíò, Òun Ni Yóò Ti Ọkọ̀

Iṣu ni mo ń bó lọ́wọ́ ní àgbàlá, èyí tí mo fẹ́ bọ̀ kí n sì sá fún èlùbọ́, nígbà tí Pẹlají ọmọ mi dé láti Parakou pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun rẹ̀. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Mo fi etí ìró nu ọwọ́, mo jáde lọ kí wọn. Wọ́n ní kí n wọ inú ọkọ̀ jókòó. Mo wo iwájú ọkọ̀ náà títí, n kò rí bọ́tìnnì kankan, n kò sì rí ihò tí àwo orin lè gbà wọlé. Dígí pẹrẹsẹ kan bíi tẹlifíṣọ̀n ló wà níbẹ̀. Pẹlají kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó kàn sọ orúkọ orin tí ó fẹ́ sí i, bí ẹni rán ọmọ níṣẹ́, orin náà sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tan ẹ́ńjìnì o.

Nígbà tí a ti gbọ́ ọ pẹ́ díẹ̀, mo béèrè pé, "Ta ni yóò tì í bí a bá fẹ́ lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú wọn. "Màmá, ta ló tún ń ti ọkọ̀ láyé yìí?"

Mo ní ó dáa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń fi àgbà rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí kò ṣojú rẹ̀, ó yẹ kí àgbà jókòó kí ó tú u palẹ̀. Ẹ pa orin yẹn ná. Ẹ pa á dáadáa o, ẹ má kàn pa á lẹ́nu mọ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí ló kù díẹ̀ kó gba bàbá yín lọ́wọ́ mi.

Ní ìgbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin ní Tchaourou níbí, ohùn tí ń jí wa ni fèrè ọkọ̀ ojú irin. Bí ó bá fọn nígbà tó ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀, àwọn obìnrin á ru iṣu sísè, wọ́n á sáré lọ sí ibùdó. Rédíò kò wọ́pọ̀. Àwọn tó ní i, òkúta rédíò, ìyẹn bátìrì kéékèèké, ni wọ́n fi ń tan án, bí òkúta náà bá sì ti rẹ̀, a ó sá a sóòrùn pẹ̀lú èlùbọ́ kó lè tún jí. Ohùn kan ṣoṣo ló sì máa ń wá, ohùn ìjọba. Ìgbà tí àtúntò ìjọba tí à ń pè ní Rùnúfò dé, tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí dìbò, tí ẹnikẹ́ni lè sọ tẹnu rẹ̀, ni àwọn rédíò bẹ̀rẹ̀ sí hù bí olú. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi ra tirẹ̀.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Papa Ṣófẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọkọ̀ funfun kan tí ìdí rẹ̀ gùn ló ń wà, ó ń kó èrò àti iṣu láti Sanson àti Tchatchou wá sí ọjà. Rédíò tó rà ní Kútọnu ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé àwo orin, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí, tí à ń pè ní sédé. Ohun tó sì jẹ́ ìyanu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ṣeé yọ. Ẹ ó tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ojú náà, pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, á já sí yín lọ́wọ́. Ihò dúdú ló máa kù nínú ọkọ̀. Bàbá mi ní wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí olè, nítorí kò sí olè tí yóò jí ohun tí kò lójú.

Ó máa ń fi aṣọ ìnujú wé ojú rédíò yìí, á fi sínú àpò àyà. Bí ó bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Bí ó bá ń sùn, abẹ́ ìrọ̀rí ló wà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn mú púpọ̀. Bàbá mi fa aṣọ ìnujú yọ láti nu òógùn, àsìkò yẹn gan-an ni agbọ̀n ọrẹ dé iwájú rẹ̀. Ojú rédíò já sínú agbọ̀n, gbàmù. Katẹ́sìtì, olùkọ́ ìjọ wa, wo agbọ̀n, ó wo bàbá mi, ó ní, "Papa Ṣófẹ̀, Ọlọ́run ń gbọ́ wa láìsí èyí."

Àtàǹpàkò bàbá mi tóbi, bọ́tìnnì sì kéré, nítorí náà èmi ló kọ́ kí n lè máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bọ́tìnnì róbótó tó wà lápá òsì, bí ẹ bá yí i, ohùn á lọ sókè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ọwọ́ yín sì dúró lé e lórí pẹ́ díẹ̀, rédíò á sùn. Àmọ́ bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ya ìwo sí, tí wọ́n sì fi ìlà dábùú ìwo náà. Bí ẹ bá tẹ ìyẹn, ohùn á dákẹ́ lójijì, ẹ ó rò pé ó ti parí. Kò parí. Àwo ṣì ń yí nínú, iná pupa kékeré kan á sì máa ṣẹ́jú. Bàbá mi ní, "Ìyẹn dà bí ìyá rẹ nígbà tó bá ń bínú. Ó dákẹ́ ni, kò sùn."

Sédé náà ní ìwà tirẹ̀. A kì í fọwọ́ kàn án níkùn; etí rẹ̀ la fi ń gbé e, bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná. Bí eruku bá bà á, ògbólógbòó aṣọ ìpọnmọ la fi ń nù ún, láti àárín wá sí etí. Ní ọ̀nà Sanson, níbi tí kòtò pọ̀ ju ọ̀nà lọ, akọrin á máa ṣe òsúkè. Á pe ọ̀rọ̀ kan dé ìdajì, ọkọ̀ á já sí kòtò, á fò lọ sí ibòmíràn. Àwọn èrò tó mọ ọ̀nà náà mọ ibi tí yóò ti já. Bí a bá ti ń sún mọ́ kòtò ìdí igi ẹ̀mì, gbogbo wọn á gba orin náà lẹ́nu akọrin, wọ́n á gbé e kọjá kòtò, wọ́n á sì dá a padà fún un ní òdìkejì. Lónìí ọ̀nà ti dán, akọrin kì í ṣe òsúkè mọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì bá a kọrin. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó so rédíò náà mọ́ ọkọ̀, ní Tchatchou ló wà. Ó so okùn rẹ̀ tààrà mọ́ bátìrì, kí ó lè máa sọ̀rọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń ka kọmíníkè ní èdè Nàgó láti Parakou: ẹni tó kú, ẹni tí màlúù rẹ̀ sọnù, ìpàdé tí wọ́n ń pè. Bí àwọn aládùúgbò wa ìmàle bá ti kírun tán, tí àwa náà ti jẹun, gbogbo wa á yí ọkọ̀ bàbá mi ká. Tata Sikira, ìyá onídùńdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á gbé ìkòkò epo rẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀ kí ó má bàa pàdánù ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn kan á ṣe àríyànjiyàn òṣèlú títí ẹnu á fi rẹ̀ wọ́n. Ní àárọ̀, bátìrì á ti kú. Bàbá mi àti ìyá mi nìkan ni yóò máa ti ọkọ̀ lọ sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ojú irin, kó tó lè gbiná.

Tata Sikira ló ṣòfin. Ó dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ṣíbí tó fi ń dín dùńdú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Wàláì, ojú ń tì mí. Ẹni tó bá máa lá oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Láti òní lọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ, òun ni yóò tì í." Gbogbo ènìyàn gbà. Láti ìgbà náà, kí oòrùn tó yọ, ẹ ó rí wọn lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń tì, wọ́n ń jiyàn lórí ìròyìn àná.

Bàbá Kàṣú nìkan ni kò fẹ́ tì. Àgbàlagbà tó ní oko kàṣú ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Á gbé àpótí rẹ̀ jókòó sí iwájú ilé, á ti ìka bọ etí méjèèjì, á máa wo òkè. Bí a bá bi í, á ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà." Ní ìrọ̀lẹ́ kan, rédíò ní wọ́n rí màlúù pupa kan tó ń rìn kiri ní Sanson, ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Bàbá Kàṣú fò sókè lórí àpótí: "Tèmi ni!" Ìka rẹ̀ ṣì wà létí. Tata Sikira yí dùńdú rẹ̀ sí òdìkejì, ó ní, "Bàbá Kàṣú, a ó pàdé láàárọ̀ o."

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ bàbá yín.

Ìlárì, bàbá yín, tíṣà ni, ọmọ Ṣábẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ẹbí rẹ̀ wọ̀ wá ní ọjọ́ tí wọ́n wá mú mi. Ọkọ̀ ojú irin kì í padà títí di ọjọ́ kejì, nítorí náà a ti ṣàdéhùn pé ọkọ̀ bàbá mi ni yóò gbé èmi àti àwọn àgbà lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló sì wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Ìlárì, ní òun ni yóò bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ti bu ú sí òun náà, kí oòrùn tó wọ̀. Ó ránṣẹ́ pé bí oòrùn bá wọ̀ kí ìyàwó tó dé, kí wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Òun kì í gba ìyàwó nínú òkùnkùn bí ẹni gba ẹrù olè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kì í ṣe àwàdà.

A ò bá tètè lọ, bí kò ṣe ti Tonton Mísẹ́lì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi láti Sanson. Òun ló yẹ kó gbàdúrà fún mi ní ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò gbà. Ó ní, "Ní ayé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Wọ́n á kọ ebè iṣu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tíṣà yìí kò kọ ebè kan. Bisikíìtì ló gbé wá. Ṣé bisikíìtì ni èmi yóò gbin lódún tó ń bọ̀?"

Ìlárì dọ̀bálẹ̀, ó ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Tonton ní òun kò gbọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n gbé ọtí fún un, ó mu ún, ó tún kọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sú bàbá Ìlárì. Òṣìṣẹ́ ojú irin ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Agbádá rẹ̀ funfun báláú, wọ́n fi sítáàṣì sí i débi pé bí ó bá bọ́ ọ sílẹ̀, agbádá náà lè dá dúró. Ó jáde, ó lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀ bàbá mi láti sinmi. Bàbá mi tẹ̀ lé e kí àna má bàa dá jókòó. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Bàbá mi fa aṣọ ìnujú yọ nínú àpò àyà. Papa Ìlárì náà fa aṣọ ìnujú tirẹ̀ yọ. Àwọn méjèèjì jọ ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan mú ojú rédíò jáde, èkejì mú sédé àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Bàbá mi fi bọ́tìnnì hàn án, ó sì padà sínú ilé lọ bẹ Tonton. Papa Ìlárì di ojú, ó ń mi orí, ó ń gbọ́ orin títí tí a fi jẹun tán. Nígbà tí wọ́n pè é, ó na ìka, ó tẹ bọ́tìnnì tó ní ìwo. Orin dákẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Mo rí iná pupa kékeré yẹn tó ń ṣẹ́jú.

Ìbòjú ló wà lórí mi, ìyàwó kì í sì í pariwo. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Tata Sikira létí, òun ló ń tọ́jú mi ní ọjọ́ náà. Mo ní, "Tata, rédíò yẹn ò tíì sùn."

Ó ní, "Dákẹ́ jàre. Ìyàwó ni ọ́, àbí mẹkáníkì?"

Àríyànjiyàn tún gba wákàtí tirẹ̀. Nígbà tí òjìji igi máńgòrò ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí a máa jáde, Tonton á gbàdúrà bó bá rí i pé a ń lọ lóòótọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ní, "Kẹ́." Ó tún yí i. Kò tilẹ̀ sọ "kẹ́" mọ́.

Gbogbo ará àdúgbò wo ara wọn. Gbogbo wọn mọ òfin, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ sí àna létí? Bàbá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ti èmi, oòrùn ni mò ń wò.

Tata Sikira ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló gbọ́ ọ?"

Bàbá mi ní, "Sikira, àna wa ni."

"Mo mọ̀ pé àna wa ni. Mo kàn béèrè ni."

Papa Ìlárì ní, "Èmi ni mo gbọ́ ọ. Kí ló dé?"

Bàbá Kàṣú ti bọ́ síwájú. Ọjọ́ tó ti ń retí ti dé. "Papa, níbí, ẹni tó bá gbọ́ ọ, òun ni yóò tì í. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo tì í nítorí màlúù."

"Ṣùgbọ́n mo pa á!"

Bàbá mi ní, pẹ̀lú ìtìjú, "Ẹ pa á lẹ́nu mọ́ ni, Papa. Kò sùn."

Bí ẹ bá rí ojú ìyá Ìlárì! Ó ní, "Kí ọkọ mi máa ti ọkọ̀? Níwájú àna?" Àwọn obìnrin wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí tún gèlè wé, bí àwọn tó fẹ́ lọ dúró de ọkọ̀ ojú irin títí di ọ̀la. Ìlárì sáré lọ sí ìdí ọkọ̀, ó ní òun á tì í. Tata Sikira ní, "Ìwọ gbọ́ ọ bí?" Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ìbínú kúrò níbẹ̀, ó ti tán nìyẹn.

Ìgbà náà ni Tonton Mísẹ́lì dìde lórí àga rẹ̀. A rò pé yóò da epo sí iná. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ọkọ̀, ó ní, "Ẹ dúró ná. Bí ọkọ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá wá sílé bàbá ìyàwó, tí wọ́n bọ́ṣọ, tí wọ́n fi agbára wọn ṣiṣẹ́ fún un, kí là ń pe ìyẹn?"

Gbogbo wa ní, "Ọ̀wẹ̀ ni."

Ó ní, "Ọkọ̀ yìí dà bí ebè lójú mi lónìí."

Papa Ìlárì wò ó. Ó wo oòrùn, ó rántí ìyá rẹ̀. "Bọ̀n, ó dáa," ni ó wí. Ó bọ́ agbádá, ó sì gbé e lé Tonton Mísẹ́lì lọ́wọ́. Gbogbo àwọn ọkùnrin ará Ṣábẹ̀ bọ́ tiwọn. Bàbá mi di ọwọ́ ìdarí mú. "Ó yá! Ẹ tì í! Hẹ̀n! Ẹ tún tì í! Hẹ̀n!" Ẹsẹ̀ ń yọ̀, eruku pupa ń gòkè. Bàbá Kàṣú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ìka bọ etí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó wú ikọ́, ó tún wú u, ó sì gbiná. Bí bátìrì ti jí, rédíò ti gbàgbé pé wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ewúrẹ́ sá. Àwọn tó ń tì í bẹ̀rẹ̀ sí jó lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè dúró. Bí ó bá dúró, ẹ́ńjìnì á tún kú. Ó ń yí igi máńgòrò ká, ó ń ké pé, "Ẹ gbé ìyàwó wọlé! Ẹ gbé e wọlé!" Tata Sikira tì mí jáde. Mo ká ìró mi sókè, mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Tonton Mísẹ́lì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, agbádá àna léjìká rẹ̀, ó ń gbàdúrà: "O ò ní yàgàn!" "Àmín!" "Ilé ọkọ á tù ọ́!" "Àmín!" "Kò ní… Ṣófẹ̀, rọra!" "Àmín!" Ìgbà tí a yí igi náà ká tán ni ẹnìkan fà mí wọlé. Papa Ìlárì fò síwájú bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni mo gbọ́ tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

A kò dúró níbì kankan lọ́nà. Nígbà tí a dé Ṣábẹ̀, oòrùn ti jókòó sórí àwọn àpáta, ó kù díẹ̀ kó wọ̀. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi rẹ̀. Bàbá mi kò pa ẹ́ńjìnì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, wọ́n gbé mi dìde. Ó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀. Omi náà pupa. Ó ní kí wọ́n bu igbá mìíràn wá, ó tún bu ú, ó tún pupa. Ó wo ọmọ rẹ̀ tí kò wọ agbádá, tí eruku bò dé ìrun ojú. Ó wo ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn wa. Ó gbé ìbòjú mi sókè díẹ̀, ó sì bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ ló gbé ọ wá, àbí ìwọ lo gbé ọkọ̀ wá?"